Èsì: Ryzen 5 5600G tàbí 7600 fún kọ̀ǹpútà ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè èwo ni kí ẹ rà nínú Ryzen 5 5600G àti 7600, ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU) méjì tí ilé-iṣẹ́ AMD ṣe. Ẹ ní àwọn ọmọ máa fi kọ̀ǹpútà náà ṣe iṣẹ́ iléèwé, ẹ̀yin náà máa fi ṣe ìṣirò ọjà, ẹ kò sì ní ra káàdì àwòrán (graphics card, tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà). Bí owó bá ká a, 7600 ni kí ẹ rà.

Ìdí ni pé AM4, irú ojú ihò CPU àtijọ́ lórí bọ́ọ̀dù (motherboard), ni 5600G ń jókòó sí, AMD sì ti gbé AM5, tí 7600 ń jókòó sí, jáde láti 2022. Lórí bọ́ọ̀dù AM5, ẹ lè yọ 7600 lọ́jọ́ iwájú kí ẹ fi Ryzen 9000, ìran tó dé lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù). Bọ́ọ̀dù AM5 tí wọ́n ń pè ní B650 ti tó yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta X670, tó ga jù ú lọ, fún yín.

Àmọ́ RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) irú DDR5 nìkan ni AM5 ń lò. Bí ẹ bá ti ní RAM irú DDR4, tí AM4 ń lò, tó dáa nílẹ̀, 5600G lórí B550, bọ́ọ̀dù AM4, ni kí ẹ mú. Bí àwọn ọmọ bá sì máa ń gbá géèmù, ẹ̀yà àwòrán tó wà nínú 5600G lágbára ju ti 7600 lọ dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó. 5600 tí kò ní G, 7500F, àti Intel tó bá parí sí F, kò ní ẹ̀yà àwòrán nínú rárá. Láìsí káàdì, ẹ kò ní rí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà.

Ní ti iná tí inverter yín máa gbé, wọ́ọ̀tì 65 ni AMD kọ fún 5600G àti 7600 méjèèjì.