Ṣé Dandan Ni Kí A Gba Ìwé Àṣẹ Kí A Tó Ṣe Ìwọ́de?

Ìbéèrè: Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ayálégbé àdúgbò kan fẹ́ ṣe ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí omi ẹ̀rọ tí kò yọ mọ́. Ọlọ́pàá tí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ní a kò gbọdọ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ, àti pé ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹnikẹ́ni jọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí?

Ìdáhùn: Rárá o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ní iṣẹ́ láti ṣe kí ẹ tó jáde. Ohun méjì ni ọlọ́pàá yẹn pa pọ̀: kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ tó ìjọba létí, àti kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 21 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú àti Ẹ̀tọ́ Òṣèlú ti ọdún 1966, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí, ka ìkórajọpọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí ẹ̀tọ́. Ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó àdéhùn náà sì sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀ ní 2020 pé bíbéèrè àṣẹ ń gé ẹ̀tọ́ náà kúrú. Ìfitónilétí ni ìjọba lè béèrè, kí ó lè darí ọkọ̀ gba ibòmíràn, kí ó sì dáàbò bo àwọn tí ń wọ́de.

Àwọn ilé ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gánà wọ́gi lé òfin ìwé àṣẹ ní 1993. Òfin tí ó tẹ̀ lé e ní 1994 kò béèrè ju pé kí a fi tó ọlọ́pàá létí, ó kéré tán, ní ọjọ́ 5 ṣáájú. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Nàìjíríà sọ irú rẹ̀ ní 2007, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá pé àwọn kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Ti Gúúsù Áfíríkà ni mo fẹ́ràn jù. Ní 2013, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan so ara wọn mọ́ irin níwájú ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú Cape Town. Wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní ju ènìyàn 15 lọ, nítorí pé tí èrò bá ti lé ní 15 ni òfin ibẹ̀ ń béèrè ìfitónilétí. Àfi bí àwọn mìíràn ṣe wá dara pọ̀ mọ́ wọn, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ dá àwọn tó ṣètò rẹ̀ lẹ́bi. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ibẹ̀ wọ́gi lé apá tí ó sọ àìfitónilétí di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn.

Nítorí náà, ẹ kọ ìwé. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ ó gbà, iye ènìyàn tí ẹ ń retí, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lù ú, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó gba ìwé àti àkókò tí ó gbà á sílẹ̀. Agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ibi tí ẹ wà ni yóò sọ iye ọjọ́ tí ó yẹ fún yín.

Ẹ̀tọ́ náà ní ààlà. Ìjọba lè yí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà padà, bí òfin bá ti là á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì pọn dandan nítorí ààbò ìlú, ìlera, tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. “Ó lè dìjà” lásán, láìsí ẹ̀rí, kò tó. Lójú ìgbìmọ̀ tí mo mẹ́nu bà, ìwà ipá ni lílo agbára lọ́nà tí ó lè ṣe ènìyàn léṣe, tí ó lè pa á, tàbí tí ó lè ba dúkìá jẹ́ gidigidi. Títi ara ẹni nínú èrò tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sí lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ju òkúta, ọ̀ràn tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo yín.

Ní ti ẹgbẹ́, abala 22 àdéhùn kan náà dáàbò bo ẹ̀tọ́ láti bá ẹlòmíràn kẹ́gbẹ́, yálà ẹgbẹ́ náà forúkọ sílẹ̀ tàbí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí kí ó ṣí àpò owó ní báńkì lórúkọ ara rẹ̀. Ìpàdé àwọn ayálégbé kò nílò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ bá ń fa àríyànjiyàn, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta fi orúkọ ara wọn bu ọwọ́ lu ìwé ìfitónilétí náà.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jáde, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Níbi tí òfin ìwé àṣẹ bá ṣì wà nínú ìwé, wọ́n lè fi í mú yín, nítorí náà ilé ẹjọ́ ni kí ẹ gbé ìwé tí wọ́n fi kọ̀ fún yín lọ kí ọjọ́ ìwọ́de tó pé. Ìdí sì nìyí tí mo fi ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú pé kí wọ́n tètè fi ìwé ìfitónilétí sílẹ̀, kí adájọ́ lè rí àyè gbọ́ ẹjọ́ náà.