Ṣé kí n tẹ̀lé wọn lọ sí pọ́ọ̀bù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé, lápá Tákìé. Ìyàwó ọmọ mi bímọ ní Ìlú Ọba, mo fẹ́ lọ bá wọn wẹ ọmọ. Wọ́n ní Sunday àkọ́kọ́ tí mo bá dé bọ́ sí ọjọ́ ìbí ìyàwó, pé a máa lọ jẹun ní pọ́ọ̀bù inú ẹ̀sítéètì wọn. Mo bi ọmọ mi pé kí ló ń jẹ́ pọ́ọ̀bù, ó ní ilé ọtí ni àmọ́ kì í ṣe ilé ọtí. Ìyàwó díákónì ni mí ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, mi ò jókòó sílé ọtí rí. Ṣé kí n tẹ̀lé wọn ni àbí kí n dúró ti ọmọ nílé? Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Ọlọ́run á wò ó. Ẹ tẹ̀lé wọn lọ mà. Ọmọ ìjọ lèmi náà, mo ti lọ bá ọmọ mi lọ́hùn-ún, irú pọ́ọ̀bù inú ẹ̀sítéètì yẹn gan-an la sì lọ, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yín ṣe wọ̀ mí lára.

Bíà pálọ̀ tiwa níbí lẹ̀ ń rò, tí wọ́n á gbé sípíkà síta, tẹ́ ẹ ò ní í rí abiyamọ kankan níbẹ̀. Tọ̀hún yàtọ̀. “Public house” ni wọ́n gé kúrú tó fi di pub, ilé gbogbo ìlú nìyẹn. Àwọn tinú ẹ̀sítéètì tuntun yìí, ilé-iṣẹ́ ńlá ló sábà máa ń ni wọ́n, tó ní ẹ̀ka káàkiri bíi báńkì, oúnjẹ tẹ́ ẹ bá lẹ́ka ti ìlú kan náà lẹ máa bá ní òmíì, èyí ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi torí kò sí ọwọ́ ìyá olóúnjẹ kankan tẹ́ ẹ lè dá mọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ tura. Lọ́sàn-án Sunday tá a wọlé, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ó ń ka ìwé ìròyìn, ajá ẹ̀ sùn sábẹ́ tábìlì, abiyamọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí wọ́n ń fọ́ ọ̀dùnkún sẹ́nu ọmọ. Ẹ má bẹ̀rù èéfín sìgá fún ọmọ tuntun, látọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2007 ni òfin ti lé sìgá kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní England, ẹni tó bá fẹ́ fà á á bọ́ síta.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú ni pé, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò ní í wá bá yín bèèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ. Èmi àti ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yẹn, a jókòó títí, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, inú ti ń bí mi, mo rò pé torí àwọ̀ wa ni. Àṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn! Nọ́ńbà wà lára tábìlì, lórí irin pẹlẹbẹ kékeré, òun lẹ máa mú lọ sí káúńtà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ sanwó lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wá gbé oúnjẹ wá bá yín. Ó kúkú jọ bá a ṣe ń tò síwájú ìkòkò ìyá alámàlà. Ṣùgbọ́n ẹ má pàtẹ́wọ́ pè wọ́n o, ẹ má sì na owó sókè, ẹni tó ń tajà mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, ó máa kojú sí yín tó bá kàn yín.

Ní ti ọtí, ẹnikẹ́ni ò ní í fi dandan mú yín mu ún. Tíì wà, kọfí wà, omi ọsàn wà, tíì ni mo mu. Ife bíà wọn ńlá tí wọ́n ń pè ní pint, mílílítà 568 ni, ó ku díẹ̀ kó tó ìgò ńlá tiwa tó jẹ́ 60cl, nítorí náà ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé tó bá máa mu ún kó má wakọ̀, kẹ́ ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹnì kan á dìde ra nǹkan mímu fún gbogbo tábìlì, ẹlòmíì á ra ìkejì, bí àjọ ni, ẹni tó bá kàn ló ń dá a. Tí wọ́n bá ra omi ọsàn fún yín, kọ́mọ yín má gbàgbé láti ra tiẹ̀ padà, wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó bá ń mu tí kì í rà.

Oúnjẹ ọjọ́ Sunday wọn ni ẹran sísun pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ olómi kan tí wọ́n ń pè ní gravy, pẹ̀lú nǹkan kan bí ife tí wọ́n fìyẹ̀fun, ẹyin àti mílíìkì ṣe, Yorkshire pudding lorúkọ ẹ̀. Kò láta rárá, àwa ọmọ Ajílété tó ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ó máa ṣòro díẹ̀ fún wa, àmọ́ ẹran ẹ̀ rọ̀ dáadáa. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó ń tanná wìrìwìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kẹ́ ẹ má jókòó sítòsí ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ gan-an ni ìyàwó yín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sí ìyá ẹ̀ lọ́hùn-ún, ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni, ẹ̀yin nìkan ni ìyá tó máa wà lórí tábìlì yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀ ń dúró ti ọmọ nílé, ó máa rò pé ẹ kọ ohun tóun yàn ni. Ẹ gbọ́mọ náà dání, ẹ jókòó tì í, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ kó lè fọwọ́ méjèèjì jẹun. Ẹ bá mi kí i kú ọjọ́ ìbí.