Wọ́n fẹ́ wó ilé ọtí bíà àtijọ́ àdúgbò wa. Kí la lè ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Alàgbà. Ilé iṣẹ́ ọtí bíà kan wà ní àdúgbò wa tó ti kógbá wọlé tipẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti tà á, àti pé ẹni tó rà á fẹ́ wó gbogbo rẹ̀ kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí a gbìjà rẹ̀, làwọn kan ní mọ́sálásí wa bá bi mí pé kí ni Mùsùlùmí ń wá nídìí ilé ọtí. Ṣé ohun kan wà tí a lè ṣe?
Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ó wà, Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá tètè ṣe é.

Àwọn ará mọ́sálásí ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí bí ọ̀rọ̀ tiwọn kò bá yanjú, ẹ ò ní rí ẹni tẹ̀lé yín. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn wà ní Broad Street, l'Ékòó. Lọ́dún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bíi Freedom Park, ọgbà ìgbafẹ́. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ló yàwòrán rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, ibẹ̀ ni orí ìtàgé wà lónìí. Kò sẹ́ni tó tọ́jú ibẹ̀ torí pé ó fẹ́ràn ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ọtí ò kàn lẹ́nu rí náà mọ̀ pé owó oṣù ilé iṣẹ́ yẹn ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ níléèwé.

Ẹ má ní gbogbo ọgbà lẹ fẹ́ o. Ilé ìkó-ìgò-sí àti ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wó o. Ilé ìpọntí gan-an ni kí ẹ dì mú, níbi tí wọ́n ti ń se ọkà. Lọ́dún 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de màọ́tì bálì, ìyẹn ọkà bálì tí wọ́n mú hù láti fi pọn bíà, tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Làwọn ilé ọtí bá yà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo. Èèpo bálì fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń sẹ́ omi rẹ̀. Ọkà bàbà kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí wọ́n á fi máa sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì tún wá èròjà tó ń sọ ọkà di ṣúgà. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ṣiṣẹ́ la ìgbà yẹn kọjá, àpá rẹ̀ á wà lára ẹ̀rọ, ojú làwọn ọmọ wa á sì fi rí ohun tí òfin kan ṣoṣo lè ṣe sí iṣẹ́ odindi orílẹ̀-èdè. Àmọ́ bí ìkòkò ìpọntí tí wọ́n fi bàbà (kọ́pà) ṣe bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tètè ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń ra àlòkù irin lè gé e lóru ọjọ́ kan.

Òfin ọdún 1979 fún àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́mù àti ibi ìṣẹ̀ǹbáyé lágbára láti kéde nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba pé àwọn fẹ́ dáàbò bo ibì kan. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ìlú ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán ìwé nìkan. Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó padà dé láti Brazil) tó wà ní gbàgede Tinúbú l'Ékòó, ti wà lábẹ́ ààbò òfin láti 1956. Lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Inú ṣì ń bí mi di báyìí. Ẹ yan àwọn tí yóò máa fojú sí ọgbà náà, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó rà á ńkọ́? Èrè ló ń wá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ èrè. Ilé kan wà nínú ọgbà Guinness ní Dublin tí wọ́n ti ń pọntí títí di 1988. Láti 2000, àlejò ló ń sanwó wọlé síbẹ̀. Tiwa kò ní tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ronú ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí èrò Ojúde Ọba bá kún ìgboro. Kí ṣọ́ọ̀bù wà lọ́tùn-ún lósì, kí ilé ìpọntí wà láàárín gẹ́gẹ́ bíi gbọ̀ngàn tí wọ́n á máa gbà fún àpèjẹ. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bàbá yín, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí wọn, ni kó bá a sọ ọ́. Ó ṣòro kéèyàn lé irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ nínú lóde, kí ẹ sì gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́ tó kù láyé sílẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú, màá fọwọ́ sí i.