Èsì: Oṣù wo ni kẹ́ ẹ fi ìpàdé ogójì ọdún sí?

Ẹ kú ètò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi ìpàdé ogójì ọdún tẹ́ ẹ jáde ní yunifásítì Ifẹ̀ sí Disẹ́ńbà o. Owó ọkọ̀ òfuurufú máa ń ga nígbà yẹn, ìgbéyàwó á sì ti gba gbogbo Sátidé. Nòfẹ́ńbà ni kẹ́ ẹ mú, òjò á ti ń lọ.

Ìyẹn bí àwọn ará òkè òkun yín bá ti fẹ̀yìn tì. Bó bá jẹ́ Kérésìmesì nìkan ni wọ́n ń ráyè wálé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Jánúárì ló kù.

Ní ti owó ìpàdé tẹ́ ẹ ní àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ò tíì san: ẹ yé lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì san sórí WhatsApp! Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ ń ṣe ségesège, á kàn dákẹ́ ni, kò sì ní wá. Ẹ dá iye kékeré tí gbogbo èèyàn lè san, kẹ́ ẹ wá bá àwọn tó rí jájẹ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde ní 1986, University of Ife ló wà lára sáfíkéètì yín. 1987 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i sí Obafemi Awolowo University. Orúkọ àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kọ sára fìlà ìpàdé yín.

Kẹ́ ẹ sì pe orúkọ àwọn olóògbé kí oúnjẹ tó jáde. Tí ìrẹsì bá ti délẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.