Ṣé ìdìbò àwọn aṣòfin Idaho ti tú ìgbéyàwó ọmọ mi ká?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Ọmọbìnrin mi fẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀ ní Boise, ìpínlẹ̀ Idaho, lọ́dún 2018. Wọ́n ti bí ọmọ kan. Ẹnìkejì rẹ̀ ló lóyún rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti dìbò tako irú ìgbéyàwó yìí. Ṣé ìwé wọn ti di asán ni?

Ìdáhùn: Rárá, ìyá. Ohun tí ilé aṣojú-ṣòfin Idaho fi ìbò 46 sí 24 gbà wọlé ní oṣù kìn-ín-ní 2025 kì í ṣe òfin. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, pé kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ Obergefell ti 2015 padà, èyí tó fàyè gba ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin àti ọkùnrin sí ọkùnrin ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé wá síwájú rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ yẹn ń dá, kì í dáhùn lẹ́tà. Ní North Dakota, ilé aṣojú gba irú rẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ sì dà á nù. Nígbà tí Kim Davis, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Kentucky tó kọ̀ láti fún irú àwọn tọkọtaya bẹ́ẹ̀ níwèé ìgbéyàwó, gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ilé ẹjọ́ náà kò gbà á ní oṣù kọkànlá 2025.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ sùn lọ. Láti 2006 ni òfin ìpilẹ̀ Idaho ti sọ pé ọkùnrin àti obìnrin nìkan ló lè fẹ́ra. Obergefell ló dè é mọ́lẹ̀. Bí ìdájọ́ yẹn bá wó, Idaho lè dẹ́kun síso ìgbéyàwó tuntun. Ti ọmọ yín ní ààbò tirẹ̀: òfin tí Biden fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2022 ní òfin ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ni ìjọba àpapọ̀ yóò máa wò, kò sì gba àwọn ìpínlẹ̀ yòókù láyè láti kọ̀ ọ́.

Ọmọ ọmọ yín ni mò ń rò. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yín gba ọmọ náà tọ́ nílé ẹjọ́, kó má gbára lé ìwé ìbí nìkan. Mo mọ̀ pé ó ń dunni kí ìyá lọ máa tọrọ ọmọ tó ti ń pọ̀n láti ọjọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ilé ẹjọ́ le ju ìwé ìbí lọ: ní 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ fún Alabama láti gba irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ tó ti Georgia wá. Kí wọ́n tún ṣe ìwé ìhágún, àti ìwé tó jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ fún ara wọn nílé ìwòsàn. Agbẹjọ́rò ọ̀ràn ẹbí ní Boise lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún un kó pè é lọ́sẹ̀ yìí.