Ṣé ófátáìmù mi ti lọ nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Houston ni mo wà. Ìyá àgbà kan tó ti ń gbàgbé nǹkan ni mo ń tọ́jú nínú ilé rẹ̀, ejẹ́ńsì kan ló gbà mí síṣẹ́. Wákàtí 62 ni mo ń ṣe lọ́sẹ̀, dọ́là 13 ni wọ́n ń san fún wákàtí kan. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ìjọba ti fagi lé ófátáìmù àwa tí à ń tọ́jú arúgbó nílé, pé iye kan náà ni wọn yóò máa san fún gbogbo wákàtí. Ṣé òótọ́ ni? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe òfin yẹn tí a ò gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Títí di àárín oṣù Kẹjọ 2025 tí mo ń kọ èyí, kò tíì sí òfin tó gba ófátáìmù yín. Àbá ni ọ̀gá yín gbọ́ tó ti sọ di òfin. Mo rí ìdí tó fi ń kánjú: wákàtí 22 lẹ fi lé ní 40 tí òfin fi ṣe ààlà, ìdajì dọ́là 13 tó yẹ kí wọ́n fi kún wákàtí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 6.50. Dọ́là 143 ni wọ́n fẹ́ yọ lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Òfin àpapọ̀ 1938 lórí owó òṣìṣẹ́ ló ní kí wọ́n san ìlọ́po kan àbọ̀ fún wákàtí tó bá lé ní 40 lọ́sẹ̀. Ní 1974, Kọ́ńgíréèsì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, mú àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé wọ abẹ́ òfin náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ “ìbákẹ́gbẹ́” fún arúgbó tàbí aláìlera sílẹ̀. Kí ni ìbákẹ́gbẹ́? Wọn ò sọ. Wọ́n ní mínísítà òṣìṣẹ́ ni yóò fi ìlànà túmọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń pààrọ̀ ẹ̀wù.

Ní 1975, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ejẹ́ńsì pàápàá lè fi ìbákẹ́gbẹ́ ṣe àwáwí, kó má san ófátáìmù. Evelyn Coke, ọmọ Jàmáíkà kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín ní New York, gbé ejẹ́ńsì rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 2007, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé kò jàre. Wọn ò sọ pé owó náà kò tọ́ sí i o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Kọ́ńgíréèsì ti gbé àṣẹ ìtumọ̀ lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ọwọ́ tó kọ ọ́ náà ló pa á rẹ́. Ní 2013, nígbà Obama, ilé-iṣẹ́ kan náà kọ ìlànà tuntun pé ejẹ́ńsì ò lè sá sábẹ́ ìbákẹ́gbẹ́ mọ́. Àwọn ejẹ́ńsì gba ilé ẹjọ́ lọ ní Washington, adájọ́ kan sì wọ́gi lé e kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà, ẹjọ́ Coke ni wọ́n sì gùn lé: ẹni tó láṣẹ láti yọ yín sílẹ̀ láṣẹ láti mú yín wọlé. Obìnrin náà ti kú ní 2009. Ẹjọ́ tó pàdánù ló di owó lápò yín.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 2025 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé àbá jáde pé kí a padà sí ti 1975. Ẹ̀mí àbá kò tó ti ìlànà. Òfin 1946 lórí bí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe ń ṣe ìlànà ní kí wọ́n tẹ àbá síta, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ará ìlú, kí wọ́n sì gbé e yẹ̀ wò kí wọ́n tó fi àṣẹ sí i. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2025 ni wọ́n fi ṣe òpin àyè fún ará ìlú láti kọ èrò wọn sórí regulations.gov, ìkànnì ìjọba. 

Ohun kan wà tí ọ̀gá yín lè dì mú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 2025, ilé-iṣẹ́ náà sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìbẹ̀wò rẹ̀ pé kí wọ́n má lépa ejẹ́ńsì lórí ìlànà 2013 mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀ lórí èyí, ẹ ó kàn rìn ìrìn àsán ni. Àmọ́ inú òfin fúnra rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ yín láti pe ejẹ́ńsì lẹ́jọ́ wà. Ẹ lè béèrè owó ọdún méjì sẹ́yìn, mẹ́ta bó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, ilé ẹjọ́ sì lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Wọn ò gbọdọ̀ lé yín torí ẹ béèrè. Ní New York àti California, òfin ìpínlẹ̀ tún wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́. Texas ò ní tirẹ̀ lórí ófátáìmù, ti àpapọ̀ nìkan lẹ ní.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti gba agbára ìtumọ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba nínú ẹjọ́ Loper Bright ní 2024, pé àbá yìí kò ní dúró. Mi ò ní fi ìyẹn tàn yín. Nínú ìdájọ́ yẹn kan náà, àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kan dárúkọ gbólóhùn 1974 yìí gan-an, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ibi tí Kọ́ńgíréèsì ti fúnra rẹ̀ fi ìtumọ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Bí a bá tiẹ̀ padà sí 1975, ìlànà yẹn ní ààlà. Oúnjẹ ìyá àgbà, ibùsùn rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀, ìbákẹ́gbẹ́ ni. Bí iṣẹ́ ilé gbogbogbòò, bíi kí ẹ máa fọ aṣọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tàbí kí ẹ máa se ọbẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀, bá kọjá ìdá 20 nínú 100 wákàtí yín lọ́sẹ̀, àwáwí náà já. Nínú wákàtí 62, nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀ nìyẹn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan lálẹ́ òní. Ẹ kọ aago tí ẹ wọlé, aago tí ẹ jáde, aṣọ ta ni ẹ fọ̀ àti ta ni ẹ se oúnjẹ fún. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù tí ejẹ́ńsì fún yín.