Kábọ́nù Inú Ẹrẹ̀ Máńgúrófù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti tún igbó máńgúrófù (igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀) gbìn sí etí òkun wa, igi sì ti ga. Ṣé kábọ́nù (èròjà tí igi ń fà láti inú afẹ́fẹ́) tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ ti tó ti igbó àtijọ́?

Ìdáhùn: Ó tì o, kò tíì tó o. Igi a máa tètè ga, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í kánjú. Inú ilẹ̀ yìí gan-an sì lọ̀rọ̀ wà: ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 lórí máńgúrófù agbègbè òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì rí i pé láti ìdá 49 sí 98 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́nù wọn ló wà nínú ilẹ̀.

Mo ti bá àwọn olùṣèwádìí fa ẹrẹ̀ yìí jáde rí. Wọ́n á ki irin oníhò bọlẹ̀ tó mítà kan, wọ́n á rọra yí i, wọ́n á fà á sókè. Ẹrẹ̀ náà dúdú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, gbòǹgbò tín-ín-rín tó ti kú tipẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tí kò tíì jẹrà tán, nítorí ọ́síjìn kò ráyè wọlé. Nínú igbó tuntun, irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà nípọn.

Ó ń dùn mí pé igi nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kà. Ẹ wo omi! Bí omi òkun bá ń kún tó sì ń fà bó ṣe yẹ, á máa gbé ẹrẹ̀ wá, gbòǹgbò á sì dá a dúró. Bí wọ́n bá fa ilẹ̀ náà gbẹ láti fi ṣe adágún edé, ọ́síjìn á wọlé, kábọ́nù tó ti pẹ́ níbẹ̀ á tú sáfẹ́fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo igbó àtijọ́ tó kù.